Ìdajì Ìdérí Idẹ

Mo ti rí ọmọdébìnrin kan tó jókòó ti ara rẹ̀. Kì í ṣe lójú àlá, kì í sì í ṣe nínú díńgí. Nínú fọ́tò ni, fọ́tò kan ṣoṣo, lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Òun ló wà lápá ọ̀tún, òun náà ló wà lápá òsì, èjìká sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fa àpótí ìjókòó yín sún mọ́ iná. Wọ́n ti mú iná mànàmáná lọ ní gbogbo àdúgbò, àgbàdo orí èédú yìí kò sì ní í pẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò pẹ́ ju àgbàdo lọ.

Ìṣẹ̀rí-Olófin tí a wà yìí, orí ìyanu ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ẹ ti gbọ́ bí Olófin Ògúnfúnminíre ṣe tẹ̀lé àwo lójú omi, tí àwo ń lọ tí òun náà ń lọ, títí àwo fi rì. Ìyẹn ìyanu àwọn baba ńlá wa. Èyí tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ó ṣojú mi kòrókòró, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi yìí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń bá mi nu eruku kúrò lára àpótí irinṣẹ́ mi àtijọ́ lọ́sàn-án, ló bá mú nǹkan kan jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdérí kẹ́tù ni. Ìyá wọn ní ó jọ ara ọ̀kadà. Ẹ gbà á, ẹ máa gbé e kiri, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Idẹ ni. Ó rí roboto, etí rẹ̀ ga tó oríkèé àtàǹpàkò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n sì fi aṣọ àrán dúdú tẹ́ inú etí náà yí ká. Ojú rẹ̀ níwájú ni ìyanu wà: ìdajì ni wọ́n dí, ìdajì kejì ṣófo. Ẹ̀gbọ́n ní ó ti ya. Rárá o. Ohun tó bá ya, ẹnu rẹ̀ á rí ṣágiṣàgi. Ẹ fi ìka yín tọ́ ẹnu ìdajì yìí: ó tọ́ gbọnrangandan, wọ́n fi ayùn irin rẹ́ ẹ kúná. Ẹni tó ṣe é ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí irinṣẹ́ kan bá ṣàjèjì sí yín, ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀. Ibi tó ti ń fi ara kan nǹkan mìíràn ni kí ẹ wò, torí ibẹ̀ ló máa ń jẹ. Ẹ wo àrán inú rẹ̀. Ó ti yọ́ yí ká, ó wá ṣẹ́ ku òwú nìkan. Ìyẹn ni pé wọ́n ń tì í bọ orí ohun roboto kan, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n tún ń tì í bọ̀ ọ́, fún ọdún pípẹ́. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo inú ìdajì tí wọ́n dí náà. Ìta rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú tí kò dán rárá ni wọ́n fi kun inú. Ta ló máa ń kun inú nǹkan ní dúdú, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí? Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ìmọ́lẹ̀ má ta padà ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ tún wo orí etí rẹ̀ níbí: ẹnì kan fi ìṣó fa ìlà tínínrín méjì síbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n dojú kọra. Ọwọ́ ọ̀gá mi, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ fọ́tò, ló fa ìlà wọ̀nyẹn.

Kò sí bí mo ṣe lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó mọ kámẹ́rà tó ni ín. Kì í ṣe irú èyí tó wà nínú fóònù yín. Igi ni, idẹ ló di igun rẹ̀ mú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ onígi mẹ́ta, awọ dúdú tó ń nà tó sì ń súnkì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́ńsì wà níwájú. Gíláàsì kan wà lẹ́yìn, tí wọ́n ti há ojú rẹ̀ títí kò fi mọ́ gaara mọ́. Onífọ́tò á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ohun tó wà níwájú lẹ́ńsì á sì hàn sí i lára gíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n lódìlódì: orí wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, ohun tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbà mí láàyè kí n wò ó, ìyá oníbúrẹ́dì kan ń kọjá lójú títì. Mo rí i lára gíláàsì, ó ń fi orí rìn, búrẹ́dì rẹ̀ kò sì jábọ́. Mo yọ orí jáde, mo wo títì, mo tún ki orí padà. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ kì í yà lọ́nà. Èyí tó ti orí ènìyàn wá, bó bá ti gba ojú lẹ́ńsì wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń balẹ̀ sí, ti ẹsẹ̀ á sì gba òkè lọ. Kò sí idán níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì wo gíláàsì yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Kumasi ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́. Onífọ́tò Yorùbá pọ̀ ní Ghana nígbà náà, wọ́n pọ̀ ní Lomé, wọ́n pọ̀ ní Abidjan, wọ́n dé Niger. Ibi tí oníṣòwò Yorùbá bá ti tẹ́ ẹní, onífọ́tò kì í pẹ́ tẹ̀lé e débẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹlòmíràn gbé ìkòkò àti ẹní. Ọ̀gá mi gbé kámẹ́rà, ó sì fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ wé lẹ́ńsì. Òun ló wá ṣí ilé fọ́tò sí Muṣin, ibẹ̀ ni bàbá mi sì mú mi lọ láti kọ́ṣẹ́. Ẹ má rò pé Èkó ò ní onífọ́tò tẹ́lẹ̀ o. George da Costa, ọmọ Èkó, ló jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé CMS láti 1877 títí di 1895 kó tó gbájú mọ́ iṣẹ́ fọ́tò, àwòrán tó yà sì wà nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Red Book of West Africa, tó jáde ní 1920. Iṣẹ́ àgbà ni iṣẹ́ yìí láàárín wa.

Ó dáa. Nínú àpótí ọ̀gá mi, ìdérí yìí nìkan kọ́ ni nǹkan àràmàǹdà. Àwọn idẹ pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ tí ihò wà láàárín wọn, ihò ńlá, ihò kékeré. Wọ́n ń kì wọ́n bọ ihà lẹ́ńsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, John Waterhouse ló sì ti ronú kan irú ẹ̀ láti 1858 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdajì ìdérí yìí kò lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, torí kò ní ihò roboto, ó sì nípọn ju ohun tó lè gba ihà wọlé. Àpótí igi pẹlẹbẹ kan wà tí aṣọ dúdú ń ré bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá fa okùn, tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa ojú lẹ́ńsì ní wàrà. Ilé iṣẹ́ Thornton-Pickard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ irú ẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Férémù onígi kan tún wà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn kámẹ́rà láti ya àwòrán mẹ́rin sórí fíìmù kan, ìyẹn la fi ń ya pásípọ́ọ̀tù. Láti 1854 ni Disdéri ti gbàwé àṣẹ ní Paris lórí ọgbọ́n pípín gíláàsì fọ́tò kan sí ọ̀pọ̀ àwòrán báyẹn, tí owó fọ́tò fi wálẹ̀ tí mẹ̀kúnnù fi lè ya tirẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ní iṣẹ́ tí ojú lè tètè mọ̀. Ìdajì ìdérí yìí ló rú mi lójú.

Mo bi ọ̀gá mi. Dípò kó dá mi lóhùn, ó tì í bọ imú lẹ́ńsì, ó ní, "Ki orí bọ abẹ́ aṣọ." Mo ki orí. Ìdajì ayé ti ṣókùnkùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ilé fọ́tò ṣì wà lára gíláàsì, ògiri, kọ́tìnì, ìdajì bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí mọ́, ó dúdú kirikiri. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yí ìdérí náà. Ẹ̀gbẹ́ tó ti dúdú wá mọ́lẹ̀, èyí tó ti mọ́lẹ̀ sì wọ òkùnkùn. Ìgbà náà ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí n ya ìdajì fíìmù lónìí, kí n sì ya ìdajì kejì nígbà tó bá wù mí."

Ẹ dákẹ́, kí ẹ rò ó dáadáa. Fíìmù kan náà ni. A kò yọ ọ́, a kò pààrọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí apá kan, apá kejì sì wà nínú òkùnkùn bí ẹni pé a kò tíì lò ó. A wá yí ìdérí, a ya apá kejì. Bí ẹni kan náà bá jókòó lápá òsì nígbà àkọ́kọ́, tó sì dìde lọ jókòó lápá ọ̀tún nígbà kejì, fíìmù kò mọ̀ pé ẹni kan ni. Ohun tó bá ti rí ló máa tọ́jú. Ẹni kan á sì di méjì.

Ó rọrùn lẹ́nu, kò rọrùn lọ́wọ́. Ọ̀gá mi a máa so òkúta kọ́ àárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kámẹ́rà, torí bí kámẹ́rà bá mira ní ìwọ̀n irun orí láàárín ìgbà méjèèjì, bẹ́ǹṣì á ṣẹ́ sí méjì nínú àwòrán. Ó ń fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ níbi tí ìpín wà, ó sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó wá yà á pé kó má jẹ́ kí ìgúnpá tàbí etí agbádá rẹ̀ kọjá ìlà náà. Páálí dúdú ló fi ń pa ojú lẹ́ńsì. Ó máa yọ páálí, ó máa kà á sínú, ó máa dá páálí padà, lẹ́yìn náà ló máa fi ìka méjì yí ìdajì ìdérí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ìlà ìṣó orí etí rẹ̀ yóò fi bá ìlà tó fà sára imú lẹ́ńsì mu. Ìlà ìṣó wọ̀nyẹn nìyẹn o! Bí ìdérí bá bò ju ìdajì lọ, ibi kan láàárín kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ rárá, ìlà dúdú á sì la àwòrán já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá bò dín ní ìdajì, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí àárín lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ á funfun báláú. Ihò lẹ́ńsì náà gbọ́dọ̀ kéré, torí bó bá tóbi, ààlà náà á fẹ̀, á sì bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lára.

Ìkùukùu ló wá burú jù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé la fi ń ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá ràn nígbà àkọ́kọ́ tí ìkùukùu sì bò ó nígbà kejì, apá kan á mọ́, apá kejì á ṣókùnkùn, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rí, tí mo ń wo ojú ọ̀run, tí ọ̀gá mi ń retí àtẹ́wọ́ mi nínú ilé. Fíìmù ńlá náà wọ́n, kò sí àyè àṣedànù. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè nípa Seydou Keïta ní Bamako, tó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní 1948, tí gbogbo ayé ń júbà fọ́tò rẹ̀ lónìí: kámẹ́rà ńlá onífíìmù 13 sí 18 sẹ̀ǹtímítà ló ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń ya oníbàárà, torí owó.

Ọmọ-ọmọ mi yìí bi mí lọ́sàn-án pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ara rẹ̀ méjì ṣe. Ìbéèrè gidi ni. Ní ilẹ̀ òyìnbó, eré ni wọ́n fi ń ṣe. Walter Woodbury kó irú àrà bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó jáde ní New York ní 1896, Photographic Amusements ni wọ́n pè é. Irú fọ́tò tí wọ́n ń ṣe nígbà náà ni kí ọkùnrin kan máa ta ayò pẹ̀lú ara rẹ̀, tàbí kí ó máa bu ọtí fún ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Muṣin náà ṣe é dáadáa nígbà tèmi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá aṣọ méjì á ní ká ya òun pẹ̀lú òun, ọ̀kan nínú kóòtù, ọ̀kan nínú agbádá. Inú wọn á dùn, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀gá mi fi ń tọ́jú ìdérí yìí sínú aṣọ funfun.

Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó fa ọmọ kan lọ́wọ́. Ọmọ náà lè tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá mi dìde, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ìbejì." Mo wo ẹ̀yìn obìnrin náà, mo ń retí ọmọ kejì. Kò sí ẹnì kankan. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Onífọ́tò, Kẹ́hìndé ni mo mú wá. Táyé rìnrìn àjò." Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ mú aṣọ rẹ̀ dání?" Ó ní òun mú un dání. Ó tú ìdì kékeré kan: dàńṣíkí ọmọkùnrin, ṣòkòtò, fìlà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìbejì jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí wọn tó ilẹ̀ wa. Ìgbọ́-Ọrà nìkan, àwọn dókítà ti ka nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, á máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún èyí tó wà láàyè, kí èyí tó lọ má baà bínú wá fa èkejì rẹ̀ lọ. Nígbà tó wá yá, ọ̀pọ̀ ìyá di onígbàgbọ́, ọ̀pọ̀ di mùsùlùmí. Pásítọ̀ ò fẹ́ rí ère, àáfà ò fẹ́ rí ère. Ṣùgbọ́n ọkàn ìyá kò yí padà pẹ̀lú ẹ̀sìn. Kò sí ẹni tó lè bá fọ́tò jà. Fọ́tò wá gba ipò ère nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ọ̀gá mi kọ́kọ́ mú Kẹ́hìndé nínú bùbá àti ìró tirẹ̀, ó gbé e sápá òsì bẹ́ǹṣì. Ìyá fẹ́ jókòó sáàárín, kó di ọmọ mú. Ọ̀gá mi ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Àárín yẹn kò ṣe é jókòó sí. Bí ẹ bá mí sókè lásán, yóò là yín sí méjì." Obìnrin náà dìde, ó lọ dúró ti kọ́tìnì. Ọ̀gá mi yọ páálí, ó kà á, ó dá a padà. Ó yí ìdérí. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń bẹ ìkùukùu.

Ìyá wá pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ. Ó bọ́ yẹtí etí rẹ̀. Ó wọ dàńṣíkí fún un, ó dé e ní fìlà, ó fi fìlà náà bo irun tí wọ́n dì. Wọ́n gbé e sápá ọ̀tún. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún ọmọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó gbé àyà sókè. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu, ó ní, "Bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn."

Ọ̀gá mi yọ páálí.

Èmi ni mo fọ fíìmù yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú páànù oògùn, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni Táyé. Mo wá ìlà láàárín wọn, n kò rí i. Wọ́n jókòó bí ẹni pé wọ́n jọ ti ilé wá. Ìyá rẹ̀ wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí á bá òun fi gíláàsì sí i, ó sanwó, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni fọ́tò náà pa. Ta ló pa irọ́ fún? Ìyá mọ̀, onífọ́tò mọ̀, àlejò tó bá wọ pálọ̀ náà mọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn. Irọ́ ni ohun tí wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Èyí fún ènìyàn ní nǹkan ni: ó fún ọmọ tó lọ ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tíì rí ohun tó dára ju ìyẹn tí ènìyàn lè fi ìdajì idẹ ṣe.

Kì í ṣe ọ̀gá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó bá àwọn onífọ́tò ibẹ̀ jókòó, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó kọ ọ́ pé bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń ya èyí tó wà láàyè, tí wọ́n á sì tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á yà á nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Àwọn kan ń lo fíìmù méjì, wọ́n á pa wọ́n pọ̀ nínú dákírúùmù. Àwọn mìíràn ń ya méjèèjì sórí ìdajì-ìdajì fíìmù kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló sì ń sa ipá wọn kí ìlà àárín má hàn. Nígbà tí wọ́n ka ibẹ̀ fún mi, mo dìde dúró. Ohun tí mo rò pé àṣírí ilé fọ́tò kan ní Muṣin ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ìyá kan kò mọ ìyá kejì.

Bí ẹ bá dé ilé àgbà kan tí ẹ rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òdòdó ara kọ́tìnì á gé lójijì, tàbí etí bẹ́ǹṣì á yẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo bóyá ọwọ́ ẹnì kankan kan ẹnì kejì; kò ní í kan án láé, torí ìlà kò gbà. Bó bá sì jẹ́ fíìmù kan ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wíwún aṣọ tó wà ní ìgúnpá ẹnì kan náà ló máa wà ní ìgúnpá ẹnì kejì, kò ní í yẹ̀. Ẹ má pariwo bí ẹ bá rí i. Ẹ béèrè orúkọ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ìyá, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bó bá fẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń parẹ́. Ilé fọ́tò àtijọ́ tí mo mọ̀ ní Ìkòtún àti Ìdímù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Bí bàbá onífọ́tò bá ti kú, àwọn ọmọ á kó fíìmù rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, òjò á pa á, wọ́n á dà á nù. Idẹ á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n á wọ̀n ọ́n mọ́ páìpù àti bátìrì. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbíní, wọ́n tọ́jú ti Olóyè Solomon Osagie Alonge, tó ń ya fọ́tò fún ààfin Ọba. A bí i ní 1911, ó kú ní 1994, fíìmù rẹ̀ àti àwọn gíláàsì rẹ̀ sì wà lódindi tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington fi pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Ọmọ ènìyàn ló tọ́jú rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kó run.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, àti ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìgàndò, ní Ẹ̀gbẹ̀dá, ní ibikíbi: bí àpótí onífọ́tò bá wà nílé yín, ẹ má tà á fún oníkìlò. Ẹ má fi omi ọṣẹ fọ fíìmù. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ fi bébà mímọ́ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e síbi tó gbẹ, tí oòrùn kò dé. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, ẹ má fi bírò kọ ọ́, torí yíǹkì á là á kọjá. Bí ẹ bá sì rí irin kan tí ẹ kò mọ ìlò rẹ̀, ẹ mú un tọ onífọ́tò àgbà kan lọ nígbà tó ṣì wà láàyè. Èmi wà níbí ní Ìṣẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tó bá mú tirẹ̀ wá, a ó jọ wò ó.